Bẹ́ńṣì Ìkórè àti Èéfín Kajú

Okun o, mo kí yín o, ẹ̀yin ọmọ kíláàsì àṣekágbá. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ yín pè mí wá bá yín sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, ọmọbìnrin kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn nawọ́ sókè, ó ní, “Mama, kẹ́mísìrì tí ẹ ti ń ṣe bọ̀ láti ìgbà èwe yín yìí, ta ló jẹ àǹfààní rẹ̀ nílé yín?” Gbogbo yín bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo rí i pé bàtà mi tó ti gbó ló ń wò. Aago lù, ẹ túká, n ò sì rí i dá lóhùn. Mo délé, mo gbé iyán síwájú, ọ̀rọ̀ ọmọ náà kò jẹ́ kí ó dùn lẹ́nu mi. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí. Ẹ fara balẹ̀ fún mi o, nítorí àgbà tó bá ń sọ̀tàn ara rẹ̀ kì í rìn tààrà.

Kábà níbí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi ń gbin iṣu. Ìyá mi, tí àwa ọmọ rẹ̀ ń pè ní Ìyé bí a ti ń pe ìyá nílẹ̀ wa, ń yan kóró kajú tà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra kajú yíyan nínú ike lónìí, ẹ ò mọ ohun tí ojú ń rí kó tó dé ẹnu yín. Àgbá irin tí wọ́n là sí méjì ni wọ́n ń gbé ka ààrò. Wọ́n á da kajú sínú rẹ̀, wọ́n á koná sábẹ́, wọ́n á sì máa fi igi gígùn rò ó. Epo kan wà nínú èèpo kajú, ó dúdú, ó sì ń jó ni lára bí èsìsì. Bí iná bá ti mú epo náà, èéfín tó ń rú kì í ṣe èéfín igi lásán. Ó ń ta ojú, ó ń dí ọ̀fun, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ débi pé ọṣẹ kì í tètè mú un kúrò.

Ṣùgbọ́n Ìyé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn èéfín náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá kajú ti jinná, kí wọ́n lè tètè da iyanrìn lé e kí ó má baà di èédú. Òun náà ni wọ́n fi ń pe oníbàárà. Bí ó bá ti gòkè lẹ́yìnkùlé wa, ẹni tó ń bọ̀ láti ọjà á mọ̀ pé kajú ń bẹ nílẹ̀, á sì yà. Obìnrin tí kò bá rú èéfín, ta ni yóò mọ̀ pé ó ń tajà?

Ìyé tún fẹ́ràn orin. Ohùn rẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì máa ń gbára lé. Ṣùgbọ́n bí àsìkò kajú bá ti wọlé, kò lè kọ orin kan dópin. Á gbé e, á dé ẹsẹ̀ kejì, ikọ́ á dá a dúró, á sì fi gèlè bo ẹnu títí ìjọ yóò fi kọ ọ́ tán. Lọ́dọọdún ni ikọ́ náà ń le sí i. Mo jẹ́ ọmọ kékeré, mo dúró tì í, inú mi á sì bàjẹ́ gidi gan-an. Nígbà tí olùkọ́ kẹ́mísìrì sọ fún wa ní sẹ́kọ́ńdìrì pé epo inú èèpo kajú wúlò, pé àwọn kan nílẹ̀ òkèèrè ń fi í ṣe ọ̀dà, mo pinnu lórí ìjókòó mi pé èmi ni n óò gba èèpo náà kúrò nínú iná ìyá mi. Ọmọdé ni mí nígbà náà, mo rò pé ọdún kan ni yóò gbà.

Mo kàwé, mo jáde, mo ríṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní agbègbè wa nígbà tí ìpínlẹ̀ Kogí ṣì jẹ́ ọmọ tuntun. Ẹ má bi mí nípa owó oṣù. Ó ń wá nígbà mìíràn, nígbà mìíràn a máa sinmi lọ́nà.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Dókítà nínú kẹ́mísìrì ni, ọmọ ìlú Ìyàrá, ó ga, ó gbẹ, aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n kankan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Tún-un-Fọ̀. Mo rò pé àwàdà ni, àfìgbà tí ó gbé ìgò tí a fi ń se oògùn ní láàbù fún mi láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ pé kí n fọ̀ ọ́.

Mo fọ ìgò náà, mo gbé e wá.

“O fọ̀ ọ́?” ó bi mí.

“Mo fọ̀ ọ́, sà. Ó mọ́.”

“Èmi kọ́ ni n óò gbọ́ yẹn lẹ́nu ẹ. Ìgò ni yóò sọ ọ́.” Ó da omi sí i lára. Omi náà ṣàn dé àárín, ó sì pín wẹ́wẹ́, ó lẹ̀ káàkiri bí òógùn iwájú orí. Ó dá ìgò padà fún mi. “Tún un fọ̀.”

Ìgò tó bá mọ́ lóòótọ́, omi máa ń ṣàn lára rẹ̀ láìpín ni. Odindi sáà kan ni mo lò nídìí ìgò fífọ̀ kí ó tó jẹ́ kí n gbé oògùn kan lé iná. Mo máa ń délé pẹ̀lú ọwọ́ tó ti hunjọ. Ìyé wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, “Ṣé kí ùwọ lè mọ abọ́ fọ̀ ni a ṣe rán ẹ lọ sí yunifásítì? Abọ́ wà nílé níbí.”

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà rí nínú ohun gbogbo. Kò gbọdọ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń dá nìkan ṣiṣẹ́ ní láàbù. Omi kò gbọdọ̀ sún mọ́ epo gbígbóná. Ẹni tó bá sọ pé “mo rò pé” á padà lọ wò ó kí ó tó sọ gbólóhùn kejì. Mo bínú sí i, mo sì máa ń sín in jẹ lẹ́yìn rẹ̀, títí ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan fi ìgò tí kò fọ̀ dáadáa se nǹkan, tó sì fọ́ sí i lọ́wọ́. Ọ̀gá ló di ọwọ́ ọmọ náà. Kò bá a wí. Nígbà tó dì í tán, ó wò mí, ó ní, “Ìgò kọ́ ni mo ń fọ̀, ọmọ yìí.” Láti ọjọ́ náà n ò sín in jẹ mọ́. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Mo sọ ọ̀rọ̀ ikọ́ Ìyé fún un, ó sì tẹ̀ lé mi wá sílé. Ó dúró nídìí àgbá, èéfín yí sí i, ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní kí Ìyé jọ̀ọ́, kí ó jáwọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

“Dókítà,” ni Ìyé wí, kò sì dá igi rírò dúró, “bí mo bá jáwọ́, ùwọ ni yóò máa bọ́ ilé mi?”

Ọ̀gá wo àgbá náà, ó wo òkìtì èèpo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èèpo kajú kún àpò kan, ó gbé e lérí ara rẹ̀ dé inú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀.

N ò ní fi gbogbo ẹ̀kọ́ náà dá yín lágara. Ohun tí à ń wá kò ju méjì lọ. Èkíní ni àgbá tí yóò yan kajú láìjẹ́ kí èéfín rẹ̀ jáde, tí epo inú èéfín náà yóò gba inú páìpù bọ́ sínú omi, kí a lè bù ú. Èkejì ni ohun tí a ó fi epo náà ṣe, nítorí bí kò bá wúlò, inú igbó ni a ó dà á sí, ìdọ̀tí mìíràn nìyẹn. A rí i pé bí a bá se epo náà pẹ́ lórí iná tó ṣe déédéé, ohun tó ń jó ni lára nínú rẹ̀ á rọlẹ̀. Bí a bá wá fi fọ́málìn sí i, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, á bẹ̀rẹ̀ sí í ki bí ẹ̀kọ orí iná, á di oje pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń dán. Fáníìṣì nìyẹn. Bí a bá fi kun igi, ikán kì í jẹ ẹ́.

Irinṣẹ́ wa nígbà náà yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Òwú funfun ni a fi ń wọn èéfín. A ń ya aṣọ òwú funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a ń so ó mọ́ okùn yí ibi tí wọ́n ti ń yan kajú ká, a ó sì wo bí ó ti dúdú tó nígbà tí iná bá kú. Òwú funfun kan náà ni a fi ń dán fáníìṣì wò. A ó rẹ ẹ́ sínú sípírítì, a ó fi nu igi. Bí òwú bá yọ àwọ̀, fáníìṣì kò tíì gbẹ dénú, ó ṣì lè jó ni lára. Ọ̀gá máa ń sọ pé òwú kì í ṣe ojúsàájú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa Ìkórè yẹn.

Bàbá Jósáyà ni bàbá ìjọ wa. Ó gbọ́ pé a ń ṣe fáníìṣì, ó sì ní kí a bá òun kun àwọn bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀ṣì, tí ikán ti ń dààmú. Inú gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan sí Ìkórè ni a kùn wọ́n, òjò ọdún náà kò sì tíì dá, afẹ́fẹ́ tutù, igi kò gbẹ. Ní Sátidé tó ṣáájú Ìkórè, Ọ̀gá fi òwú nu bẹ́ńṣì kan. Òwú náà pọ́n bíi tíì.

“Kò tíì gbẹ, sà,” ni Ọ̀gá wí. “Ẹ fún un láyè di inú ọyẹ́.”

Bàbá Jósáyà fi àtẹ́lẹwọ́ pa bẹ́ńṣì náà. “Fọwọ́ kàn án. Kò lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa ti dé láti Èkó, láti Àbújá. Ṣé orí ilẹ̀ ni kí wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ Ìkórè?”

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé Bàbá Jósáyà ti ṣe tíṣà ní Ìyàrá rí. Òun ló kọ́ Ọ̀gá ní ábídí. Mo rí ọkùnrin tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni, tó wo òwú ọwọ́ rẹ̀, tó wo tíṣà rẹ̀, tó sì tún wo òwú náà. 

“Ó dáa, sà,” ni ó wí.

Ẹ mọ bí Ìkórè ṣe máa ń rí. Wọ́n jó, wọ́n làágùn, wọ́n jókòó, wọ́n tún dìde jó. Ẹgbẹ́ kan á dúpẹ́, òmíràn á tẹ̀ lé e, títí oòrùn fi rọ̀. Òógùn àti ooru sì rí epo tí kò tíì gbẹ. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í họ ara ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó fi di Mọ́ńdè, ìdí àti itan ti lé ròrò káàkiri Kábà. Òrí tán lọ́jà. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi jẹun lọ́sẹ̀ náà, àwọn ọmọ Èkó sì fi orúnkún kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀ padà sí Èkó. Ìyé dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó ń sọ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kọ síbí. Ọ̀gá pàápàá, tó jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíṣà rẹ̀, ti rẹ̀ ló le jù.

Ẹ̀yin náà lè rẹ́rìn-ín, àwa náà ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Àwọn kan ní a fi májèlé sínú ilé Ọlọ́run. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí a dá iṣẹ́ kajú dúró ná. Èyí tó dùn mí jù ni pé àgbá tuntun wa ti parí, ó wà lẹ́yìn láàbù, ó ń dúró de àsìkò kajú, àwọn obìnrin tí a sì tìtorí wọn ṣe é búra pé ohunkóhun láti ilé yẹn kò ní wọ ẹ̀yìnkùlé àwọn. Ìyé ló ṣáájú wọn.

“Igi lásán lẹ fún wa, ó jó wa nídìí,” ó wí fún mi. “Ẹ wá fẹ́ fún wa ní iná.”

Ikọ́ rẹ̀ ọdún náà kò tilẹ̀ dúró de àsìkò kajú mọ́. Mo dùbúlẹ̀ mo ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, mo sì mọ̀ pé bí ó bá tún fi ọdún díẹ̀ sí i nínú èéfín, orin kọ́ ni yóò kọ́kọ́ tán. Ẹ̀rù bà mí.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Ọ̀gá dìde níwájú ìjọ. Àwọn ènìyàn dúró, ìdí wọn mọ ìdí rẹ̀. Ó ní, “Òwú sọ fún mi pé kò gbẹ. Mo rí i, mo sì ní ó dáa. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ọmọ iṣẹ́ mi, kì í ṣe ti Bàbá Jósáyà.” Bàbá Jósáyà fẹ́ dìde sọ̀rọ̀, Ọ̀gá fọwọ́ bẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó. Bàbá náà dáhùn pé òun kò lè jókòó. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí ìjọ rín nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni èmi àti òun bọ ìbọ̀wọ́, a ha gbogbo bẹ́ńṣì náà dé ara igi funfun. A tún epo sè, a fún un ní àkókò tirẹ̀. Ọyẹ́ dé, a kùn wọ́n, a dúró. Nígbà tí a fi òwú nù wọ́n, òwú funfun ni. Ọ̀gá ní kí n tún un nù. Mo nu títí ọwọ́ fi ro mí, funfun ni.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó. Ẹlòmíràn gbé àga ike ti ilé rẹ̀ wá, ẹlòmíràn gbé ẹní. Ọ̀gá kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ní ìrọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ bá ti parí, á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, á sì jókòó. Ṣòkòtò péńpé ló máa ń wọ̀, kí ara rẹ̀ lè kan igi. Ọ̀gá tí aṣọ funfun rẹ̀ kì í ní àbàwọ́n, ẹ wò ó ní ṣòkòtò péńpé nínú ilé Ọlọ́run, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Bẹ́ńṣì kan lónìí, òmíràn lọ́la. Àwọn ọmọdé ń wá wò ó lójú fèrèsé. Ojú tì mí nítorí rẹ̀, orí mi sì wú nítorí rẹ̀, méjèèjì papọ̀.

Mo wà níbẹ̀, mò ń nu ìdí pẹpẹ, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Ìyé wọlé. Oko ló ti ń bọ̀, ẹrù wà lórí rẹ̀. Ó sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Tún-un-Fọ̀, okun o.”

“Okun, Ìyé.”

“Ó ń yún ẹ?”

“Kò yún mi.”

“Gbogbo ayé ń fi ùwọ ṣẹ̀sín nítorí igi.”

“Kì í ṣe nítorí igi, Ìyé. Nítorí ikọ́ yín ni. Bí ẹ kò bá lè jókòó lórí bẹ́ńṣì mi, ẹ kò ní dáná sábẹ́ àgbá mi.”

Ìyé sún mọ́ ọn. Ó wo bẹ́ńṣì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á, ó gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀, ó jókòó tì í.  Ó pẹ́ kí ó tó gbé orin kan, jẹ́jẹ́, bí ó ti máa ń gbé e. Ó dé ẹsẹ̀ kejì, ikọ́ dá a dúró. Nígbà tó wú u tán, ó nu ojú.

“Gbé àgbá yín wá,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bí ó bá jó kajú mi, èmi pẹ̀lú ẹ ni.”

Ó sì jó o. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín. Nínú àgbá tuntun náà, èéfín kò hàn mọ́, àwọn obìnrin kò sì mọ ìgbà tí kajú jinná. Èédú ni a kọ́kọ́ bù jáde. A ké sí àwọn tó ń jó irin, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn pélébé kan sí ìdérí rẹ̀ tí wọ́n lè máa ṣí wò. Ìyẹn tán, wàhálà mìíràn tún dé tí ìwé wa kò sọ: oníbàárà kò yà mọ́. Wọn kò rí èéfín, wọ́n rò pé kò sí kajú. Ìyé jókòó ti ọjà rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lé wọn.

Ohun tó gbà wá ni òwú. A ṣì ń so aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn yí àgbá ká, láti mọ̀ bóyá àgbá náà ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọn, wọ́n ń hàn láti ojú ọ̀nà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ pé níbi tí aṣọ funfun bá ti ń fẹ́, kajú ń bẹ níbẹ̀. Àwọn obìnrin fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya aṣọ tiwọn. Títí di òní, bí ẹ bá gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá lásìkò kajú, ẹ óò rí i. Àwọn kan rò pé ìjọ tuntun ló dé.

Ikọ́ kì í tán lọ́jọ́ kan. Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní Àjíǹde ọdún tó tẹ̀ lé e, mo wà lẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyé gbé orin. Ó kọ ẹsẹ̀ kejì, mo di ẹ̀yìn bẹ́ńṣì iwájú mi mú. Ó kọ ẹ̀kẹta. Ó kọ ọ́ dé òpin, mo sì gbọ́ “Àmín” rẹ̀ láàárín ti gbogbo ènìyàn. Mo sunkún. Mo wo apá ibi tí Ọ̀gá wà, ó ń fi áńkáṣífù nu awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

Iṣẹ́ gbòòrò lẹ́yìn náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà wá láyè padà. Èèpo kajú ń wá bá wa láti Ẹ̀júkù àti Ìgbàrúkù. Àwọn káfíńtà ń fi fáníìṣì wa kun ilẹ̀kùn. A dán ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wò, a yọ́ ọ di epo, ó rùn débi pé ẹran ọ̀sìn sá kúrò lágbègbè láàbù. A fi í sílẹ̀ fún àwọn tó gbọ́n jù wá lọ. Òṣùwọ̀n aláwo méjì tí a ń fi ẹyọ bàbà wọn nǹkan lórí rẹ̀, mo rí i tó di ẹ̀rọ oníná. Mo rìnrìn àjò lọ sí Ìlọrin rí nítorí ojú ìwé kan ṣoṣo. Lónìí, ẹ óò rí i lórí fóònù kí ẹ tó sín. Ẹ̀rọ kékeré kan wà báyìí tí ń ka eruku inú afẹ́fẹ́, tó sì ń kọ ọ́ síta fún yín. Mo lò ó, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ tí bátìrì rẹ̀ kú, mo ṣì máa ń ya aṣọ mi.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì kí n tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìyàrá. Nígbà tí ó papò dà, ní ọjọ́ orí tó dùn ún gbọ́, káfíńtà fi fáníìṣì wa kun pósí rẹ̀. Àwọn ẹbí ti mú ọjọ́, wọ́n ń kánjú. Mo wọ ọkọ̀ lọ, mo mú òwú, mo fi nu pósí náà. Ó pọ́n díẹ̀.

“Kò tíì gbẹ,” mo sọ fún àbúrò rẹ̀.

Ó ní, “Mama, òkú ni yóò sùn sínú rẹ̀. Kì í yún òkú.”

Mo ní yóò yún òkú yìí. Mo jókòó ti pósí náà, mo ní n ò ní dìde. Wọ́n bínú, wọ́n ṣépè lábẹ́nú, wọ́n sún ìsìnkú síwájú. Nígbà tí òwú jáde ní funfun ni mo tó dìde. N ò rò pé mo ṣe ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ mi.

Ọmọbìnrin ọwọ́ ẹ̀yìn, mo mọ̀ pé o ṣì ń dúró de èsì ìbéèrè rẹ. Bí bàtà ni o ń wá, iṣẹ́ wà tó ń yára fúnni ní bàtà ju èyí lọ, n ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí kí o tó yan èyí tó wù ọ́.

Ìyé ti darúgbó gan-an. Ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ló ń yan kajú báyìí, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n gbé àga rẹ̀ kúrò nídìí àgbá. Ó jókòó níbẹ̀, ó ń kọrin, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún gbé òmíràn. Mo tú ọ̀kan nínú aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lórí okùn, tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀, mo fi lé e lọ́wọ́.

“Àwọ̀ wo ló ní?” ó bi mí.

“Funfun ni, Ìyé.”

Ó gbé e sún mọ́ imú, ó fa òórùn rẹ̀ dénú, kò sì wúkọ́. Ó fi ìka yẹ òwú náà wò láti orí dé ìdí, ó dá a padà fún mi.

“Tún un fọ̀,” ó ní.

Mo gbé e lọ sídìí omi.